Ìwé àti Ọwọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Kọfí ní Èkó, láti Èbúté Mẹ́ta dé Trade Fair

Ọdún 1977 ni apá ìwọ̀-oòrùn Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, di ibi tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n ṣe FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àlejò àjọ̀dún náà ló sì di Festac Town. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún ṣí pápá ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí kò jìnnà sí i. Ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti ìlú Belgrade, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Yugoslavia nígbà náà, ló kọ́ ọ. Zoran Bojović ló ya àwòrán rẹ̀. Pápá yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní Trade Fair títí dòní. Ìpàtẹ ọdọọdún fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí Tafawa Balewa Square, àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀, aṣọ, bàtà àti ohun ìṣaralóge ló sì gba ilẹ̀ náà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n bá kó wá sí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ kì í dá wá. Ìwé máa ń bá a wá: ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń tàn án, àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe sí i. Ìtàn irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ níbí, iṣẹ́ àwọn tó ń fi kọfí pípo jẹun, tí wọ́n ń pè ní bàrísítà. Iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní Èkó ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́: báwo ni ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ní ọ̀nà jíjìn ṣe ń di ohun tí ọwọ́ ọmọ Èkó mọ̀ ọ́n ṣe? Lójú tèmi, kò sí ìgbà kan tí ìwé nìkan ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìgbà tí iṣẹ́ náà kọjá ibi tó dé láìsí ìwé. Ẹni tó dúró láàárín ìwé àti ọwọ́ ni àwọn òpìtàn kì í sábà dárúkọ.

Kọfí nínú oko àti nínú ìwé ìjọba

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé kọ́ ènìyàn nípa kọfí ní Èkó, bí a ṣe ń gbìn ín ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe bí a ṣe ń pò ó. Ní 1886, wọ́n ya Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast, Alfred Moloney sì di olórí ìjọba níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi àti ewéko jẹ ọkùnrin yìí lógún púpọ̀. Ní 1887 ó tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọdún yẹn kan náà ló sì dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní apá ibí yìí. Ọgbà Kew tó wà nítòsí London ni wọ́n ń bá kọ̀wé nípa irúgbìn. Ọdún 1887 náà ni Kew bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀ jáde, tí wọ́n ń kọ ìmọ̀ nípa kọfí, kòkó, rọ́bà àti òwú sí fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kọfí Làìbéríà, tí èso rẹ̀ tóbi, tó sì lè gba ooru etíkun, wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Èkó gbìn.

Àwọn tó lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. James Pinson Labulo Davies wà lára wọn, ọmọ Sàró tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò ńlá kí ọjà rẹ̀ tó wó. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ló yíjú sí oko ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker dá oko tirẹ̀ ní agbègbè Agége, níbi tí kòkó, obì àti kọfí ti jọ wà. Àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ọ̀rọ̀ wa ni ti àwọn alágbàṣe. Wọ́n ń ti Èkìtì, Ìbàdàn, Ondó àti àwọn ìlú mìíràn wá sí Agége láti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n gbin igi, wọ́n ká èso, wọ́n sá a, wọ́n sì mọ èyí tó gbẹ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n gbé irúgbìn dání, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà sọ́wọ́. Ìjọ African Church, tí Coker jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú rẹ̀, tún gba ọ̀nà tirẹ̀ tan ìmọ̀ náà ká láti ìlú dé ìlú. Bí kòkó ṣe dé inú ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Olóko tó kàwé ló so ọgbà Èbúté Mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹni tí kò kàwé.

Kọfí kò rí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, kọfí Brazil kún ọjà ayé, owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Èkó sì fi í sílẹ̀ nítorí kòkó. Ó wá ku sí àwọn ibì kan bíi agbègbè Kábà àti òkè Mambila. Ìwádìí lórí rẹ̀ kò dúró o. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Tafo, ní Gold Coast, ní 1944, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka yìí ló di CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ní 1964, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá kan kòkó, obì, kọfí, kaṣú àti tíì. Ní 1977, ọdún Trade Fair gan-an, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ra kòkó, kọfí àti tíì lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní 1986 wọ́n tú u ká pẹ̀lú gbogbo àwọn àjọ ìtajà yòókù. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ kọfí àti ẹni tó ń mu kọfí ní Èkó kò mọ ara wọn. Àlàfo yìí wà lára ìdí tí àwọn bàrísítà wa fi mọ orúkọ òkè Ethiopia ju ti Mambila lọ.

Agolo àti mai ṣáì

Kọfí tó wọ ilé àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà wọlé nínú agolo. Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ Nestlé gbé Nescafé jáde ní Switzerland, ní 1961 ni ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹni tó rà á nílò ni wọ́n tẹ̀ sí ara agolo: ìwọ̀n ṣíbí, omi gbígbóná, ṣúgà bí o bá fẹ́. A lè sọ pé ìwé ìtọ́nisọ́nà kọfí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kà jù lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Àwọn mai ṣáì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Hausa, ló sọ agolo yẹn di iṣẹ́ ajé. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ní ibùdókọ̀ àti ní ìkòríta jákèjádò Èkó, wọn kò sì wọ́n lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Kẹ́tù ńlá wà lórí èédú. Nescafé, Milo, tíì, mílíìkì, búrẹ́dì àti ẹyin wà lórí tábìlì. Bí mai ṣáì bá ń da kọfí láti inú kọ́ọ̀bù kan sí òmíràn, tí ó gbé apá rẹ̀ sókè kí fọ́ọ̀mù lè yọ, kò sí ìwé tó ti kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ará ìlú rẹ̀ tó ti ṣáájú dé Èkó ló wò. Ó ń rí ohun tí a ń fẹ́ kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fúnni: kọfí tí kì í yí padà láti òní dé ọ̀la, lọ́wọ́ ẹni tó mọ oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí lọ sí ibòmíràn, ìmọ̀ náà bá a lọ ni, àfi bí ọmọdé kan bá wà nítòsí tó ti ń wò ó.

Bí iṣẹ́ bàrísítà ṣe di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé

Ní Italy ni ẹ̀rọ espresso, tó bí iṣẹ́ yìí, ti jáde. Angelo Moriondo gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Turin ní 1884. Luigi Bezzera ti Milan tún un ṣe ní 1901, Desiderio Pavoni sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Agbára oru omi híhó ni àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ń lò, kọfí wọn sì máa ń korò nítorí pé ooru ti pọ̀ jù. Achille Gaggia ló yí èyí padà. Kété lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi ọ̀pá tí a ń fà wálẹ̀ sí ẹ̀rọ, kí agbára títì lè ti omi gba inú kọfí kọjá, ìgbà náà ni fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn kọ́kọ́ yọ lórí espresso. Ní 1961, ilé-iṣẹ́ Faema gbé E61 jáde, tí ẹ̀rọ oníná ń ti omi dípò apá ènìyàn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó ń fi ìwé kọ́ iṣẹ́ náà ní Italy. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò dúró sẹ́yìn káńtà, yóò fọ ife, yóò nu ẹ̀rọ, yóò sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Ìwé wà nípa kọfí lóòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, William Ukers, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò tíì àti kọfí, tẹ *All About Coffee* jáde ní 1922, ìwé ńlá tó kó ìtàn, òwò àti àṣà kọfí jọ láti gbogbo ayé. Àmọ́ ẹni tó bá kà á tán yóò mọ̀ nípa kọfí ni. Kò ní mọ bí a ṣe ń pò ó fún ogójì oníbàárà lówùúrọ̀.

Àwọn ọdún 1950 ni ìyípadà ńlá dé. Ernest Earl Lockhart, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní MIT, ṣiṣẹ́ fún àjọ kan tí àwọn oníṣòwò kọfí dá sílẹ̀ láti wádìí bí a ṣe ń po kọfí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ìtọ́wò di nọ́ńbà. Bí a bá lọ kọfí 100 gíráàmù, tí omi gba inú rẹ̀ kọjá, gíráàmù 18 sí 22 ló yẹ kí ó yọ́ sínú omi. Bí ó bá dín ní 18, ẹnu yóò kan, kọfí náà yóò sì fúyẹ́. Bí ó bá ju 22 lọ, ìkorò yóò bò ó. Nínú kọfí tí a pò tán, ohun tó yọ́ náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì gbọ́dọ̀ ju 1.35 lọ. Lockhart ya àwòrán kan tó fi gbogbo èyí hàn, àwòrán náà sì wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ bàrísítà títí dòní. Mo ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn tí a ń sọ. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀gá kan lè sọ fún ọmọṣẹ́ pé kọfí rẹ̀ kò dára, kí ọmọṣẹ́ má sì mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni méjì tí wọn kò tíì rí ara wọn rí, tí òkun sì wà láàárín wọn, lè máa sọ̀rọ̀ nípa kọfí kan náà.

Ní 1995, Andrea Illy àti Rinantonio Viani tẹ ìwé jáde lórí kẹ́míkà espresso. Ìwé ilé ìwádìí nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni David Schomer, tó ní ilé kọfí Vivace ní Seattle, tẹ tirẹ̀ jáde, *Espresso Coffee: Professional Techniques*. Lẹ́yìn káńtà ni Schomer ti kọ ìwé rẹ̀: bí a ṣe ń tẹ ìyẹ̀fun kọfí mọ́lẹ̀ kí ó tẹ́jú, bí a ṣe ń mú kí ooru omi dúró sójú kan, bí a ṣe ń fẹ́ mílíìkì kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ lè kúnná. Scott Rao tẹ̀ lé e ní 2008 pẹ̀lú *The Professional Barista's Handbook*, James Hoffmann, tó ti gba ife-ẹ̀yẹ bàrísítà àgbáyé ní 2007, sì tẹ ìwé máàpù kọfí ayé jáde ní 2014.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ìwé wọ̀nyí fi jáde láti Seattle àti London ju Milan lọ. Ní Milan, ọ̀gá wà ní gbogbo òpópónà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yóò rí ẹni tí yóò wò. Ní Seattle, kò sí ọ̀gá àtijọ́ kankan. Schomer ní láti dán an wò, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tún un dán wò. Ibi tí kò sí ọ̀gá ni ìwé ti máa ń wúlò jù, ìdí sì nìyí tí ìwé àwọn ará Seattle fi bá Èkó mu ju àṣà Milan lọ.

Àwọn ará Italy náà kọ tiwọn sílẹ̀ nígbà tó yá. Àjọ tó ń dáàbò bo espresso ilẹ̀ wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, là á kalẹ̀ pé kọfí gíráàmù 7 ló ń ṣe ife kan, omi rẹ̀ yóò wà ní 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára títì rẹ̀ yóò jẹ́ bar 9, yóò sì sun fún ìṣẹ́jú àáyá 25 títí yóò fi tó mílílítà 25. Ní ọdún 2000, wọ́n ṣe ìdíje bàrísítà àgbáyé àkọ́kọ́ ní Monte Carlo. Robert Thoresen ará Norway ló gbé igbá orókè. Ìwé òfin ìdíje náà fúnra rẹ̀ di ìwé ẹ̀kọ́: ife espresso mẹ́rin, ife oníwàrà mẹ́rin, ife mẹ́rin tí olùdíje fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dá, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń fi ìwé náà kọ́ ara rẹ̀ mọ ohun tí adájọ́ ń wò kí ó tó gbé ife kankan. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, àti ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, para pọ̀ di SCA ní 2017, ètò ẹ̀kọ́ kan náà wá wà fún gbogbo ayé. Ìpele mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ bàrísítà wọn ní, ìdánwò rẹ̀ sì ní ti orí ìwé àti ti ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní Nàìjíríà kí ilé kọfí tó dé

Lára àwọn tó kọ́kọ́ kà nípa kọfí pípo nínú ìwé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kátárìn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Yaba, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1947, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Ìdánwò City and Guilds láti London ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, títí àjọ ìdánwò NABTEB fi dé ní 1992 láti gba iṣẹ́ náà. Ìwé tí wọ́n ń kà ni *Practical Cookery* ti Ceserani àti Kinton, tó jáde ní 1962, àti ìwé Dennis Lillicrap lórí bí a ṣe ń gbé oúnjẹ àti ohun mímu síwájú àlejò, tó jáde ní 1971. Òǹkàwé tó bá ṣí ìwé Lillicrap yóò bá kọfí níbẹ̀, àti oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pò ó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ gbogbo rẹ̀ sórí láì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ espresso rí, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ní in. Wọ́n yege ìdánwò, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Èyí dùn mí láti kọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ìwé láìsí irinṣẹ́ sọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ di àkọ́sórí.

Ọ̀nà mìíràn tí ìwé gbà wọ ilé ìdáná ni àwọn ilé oúnjẹ kíákíá. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ UAC sọ ilé oúnjẹ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Kingsway di Mr Bigg's. Ní 1997 ni Tantalizers bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé oúnjẹ kékeré kan ní Festac Town, kó tó tàn ká. Ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ kí mítípáì rẹ̀ rí bákan náà ní ẹ̀ka mẹ́wàá kò lè gbára lé ọwọ́ alásè kan. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun, ìwọ̀n ooru àti iye ìṣẹ́jú sílẹ̀, kí ó sì fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti fi òṣùwọ̀n ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé kọfí dé, ìwé tó ń sọ gíráàmù àti ìṣẹ́jú àáyá kò ṣe wọ́n ní kàyéfì.

Ọmọṣẹ́ Trade Fair

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ ní Trade Fair, àárín àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ASPAMDA ni kí ó lọ. Àṣà igba boi ti àwọn ọmọ Ìgbò ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ á wá láti ilé, á bá ọ̀gá gbé, á sìn ín fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó ń kọ́ mẹkáníìkì tàbí télọ̀ máa ń ṣe àdéhùn, á sanwó ẹ̀kọ́, á sì ṣe fúrídọ́ọ̀mù nígbà tó bá parí. Ohun tí àwọn tó ń wo irú àṣà yìí láti òkèèrè kì í rí ni pé ìwé wà nínú rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní láti mọ nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà náà tẹ̀ sí i lára, kó mọ èyí tó bá ọkọ̀ ọdún kan mu àti èyí tí kò bá a mu. Ìwé àkójọ nọ́ńbà wà, ọ̀gá mọ̀ ọ́n kà, ọmọ á sì máa gbọ́ nọ́ńbà náà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Bí alágbàṣe Agége ṣe gba ìmọ̀ lọ́wọ́ olóko tó kàwé náà nìyẹn. Ọ̀gá ló ń ka ìwé, ọmọ ló ń gbé e sọ́wọ́.

Ilé kọfí ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn dáadáa ní Èkó ní àwọn ọdún 2010. Chijioke àti Ngozi Dozie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, dá Café Neo sílẹ̀ ní 2012, wọ́n sì ń lo kọfí Rwanda. Ìṣòro tó kojú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ lè sìn. Ẹnì kan ní láti lọ kọ́ ọ níta, tàbí kí ó kà á nínú ìwé, kí ó dán an wò lórí ẹ̀rọ, kí ó tó lè kọ́ ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Yorùbá, Ìgbò àti Píjìn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Nǹkan méjì wà tí àwọn ìwé wọ̀nyí kà sí ohun tó ti wà nílẹ̀, tí kò sì sí nílẹ̀ ní Èkó. Àkọ́kọ́ ni iná. Ẹ̀rọ espresso ńlá nílò nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ooru rẹ̀ tó dúró sójú kan. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà á, omi inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, kọfí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí iná bá dé yóò sì kan. Bàrísítà Èkó ní láti mọ ìgbà tí yóò da ife kan nù kí ó tó po ti oníbàárà. Kò sí ojú ìwé kankan nínú ìwé Seattle tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Èkejì ni omi. Omi ló pọ̀ jù nínú kọfí, ìwé SCA sì fẹ́ kí ìwọ̀n líle rẹ̀ wà láàárín 50 sí 175 nínú mílíọ̀nù kan, kí ó má ní òórùn, kí ó má sì ní àwọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Festac tàbí Amúwò-Ọ̀dọ̀fin mọ omi kànga ẹ̀rọ tó máa ń pọ́n bí ìpẹtà, tó ń pa aṣọ funfun láró. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀rọ espresso, yóò di ihò rẹ̀, yóò sì ba adùn kọfí jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọṣẹ́ bàrísítà ní agbègbè yìí kọ́ ni sísẹ́ omi àti yíyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀kọ́ omi máa ń wà. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ mú un wá síwájú.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ìwé ń sọ tí ọwọ́ kò tètè gbọ́. Ìwé lè sọ pé kí mílíìkì má kọjá ìwọ̀n 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Etí ni yóò mọ̀ bóyá ẹnu ọ̀pá oru ti rì jù, tí mílíìkì ń ké, tàbí ó ga jù, tí ó ń tú ká. Ìwé lè ní kí ìyẹ̀fun kọfí kúnná. Ìka ọwọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ Èkó sì wúwo fún ọ̀rinrin, kọfí tí wọ́n lọ bíi ti àná kò ní sun bíi ti àná. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń dé ibi tí nọ́ńbà inú ìwé ti bá tiwọn jà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní mọ̀ pé ohun kan ti yí padà. Ẹni tó ní ìwé nìkan yóò mọ̀ pé ó ti yí padà, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe.

Nítorí èyí ni ilé kọfí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣe máa ń ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, bàrísítà á wọn kọfí, á pò ó, á tọ́ ọ wò, á sì kọ ọ́ sílẹ̀: gíráàmù tó lò, gíráàmù tó jáde sínú ife, iye ìṣẹ́jú àáyá, ojú ibi tí ẹ̀rọ ìlọkọfí wà, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti bí kọfí náà ṣe rí lẹ́nu. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án á kà á kí ó tó fọwọ́ kan nǹkankan. Bí ọmọṣẹ́ tuntun bá dé ní oṣù Kẹfà, nígbà òjò, ohun tí wọ́n kọ ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni ọ̀gá á ṣí fún un, kí ó tó ṣí ìwé Rao tàbí ti Schomer. Nínú irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ kọfí tó jẹ́ ti Èkó wà báyìí, tí wọ́n fi bírò kọ, tí omi àti mílíìkì ti ta sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì kó jọ tẹ̀ jáde.